Awò Tí Misis Ọfẹ́líà Kò Jẹ́ Ká Gé

Iṣẹ́ awò ojú ni mo ṣe ní Houston títí mo fi fẹ̀yìntì. Mi ò kì í ṣe dókítà ojú o. Dókítà ló máa ń yẹ ojú wò, tó sì máa ń kọ nọ́ńbà awò fún èèyàn. Èmi ni mo máa ń gba ìwé yẹn lọ́wọ́ oníbàárà, màá gé lẹ́ńsì, màá lọ etí rẹ̀ kó bá férémù mu, màá sì tún un ṣe lójú onítọ̀hún títí tí kò fi ní máa yọ̀ wálẹ̀ mọ́. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá sí asalátù wa ló ní kí n kọ ìtàn yìí sílẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn ń rò ó bóyá kọ̀ǹpútà ni kí àwọn kọ́ tàbí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, wọn ò tiẹ̀ mọ̀ pé irú iṣẹ́ tèmi wà.

Ọkọ mi ló kọ́kọ́ dé Houston. Ó wá kàwé, ó kàwé tán, ó sì ríṣẹ́ ẹnjiníà. Nígbà tí èmi dé bá a ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, apátímẹ́ǹtì kan ní apá Westchase la ń gbé. Tísà ni mí nílé, ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀rí mi kò wúlò fún wọn níbẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù awò kékeré kan wà lódìkejì títì, wọ́n lẹ ìwé mọ́ fèrèsé pé àwọn ń wá ẹni tí yóò máa tún ibẹ̀ ṣe, tí yóò sì máa dáhùn fóònù. Mo wọlé, mo béèrè, mo sì bẹ̀rẹ̀. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù náà ni Misis Ọfẹ́líà. Ọmọ Mẹ́síkò ni wọ́n, etí bọ́dà Amẹ́ríkà ni wọ́n bí wọn sí. Láti ìgbà tó jẹ́ pé dígí gidi ni gbogbo awò ni wọ́n ti ń lọ lẹ́ńsì. Obìnrin kúkúrú ni wọ́n, irun wọn ti funfun, wọ́n sì máa ń dì í mọ́ ìpàkọ́ pinpin. Ohùn wọn kì í lọ sókè. Bí inú bá ń bí wọn, ńṣe lohùn náà á tún lọ sílẹ̀ sí i. Ohun tí a fi ń mọ̀ nìyẹn.

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ni yàrá ìlọlẹ́ńsì wà. Bí mo bá gbálẹ̀ débẹ̀, ìgbálẹ̀ mi kì í yá mọ́. Òkúta ìlọ náà á máa yí, omi á máa ṣàn lé e lórí, lẹ́ńsì á máa kùn bí eṣinṣin tó há sínú kòkò. Lọ́jọ́ kan, Misis Ọfẹ́líà ò wẹ̀yìn, wọ́n kàn ní, "Ṣé o fẹ́ kọ́ ọ ni?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Wọ́n ní, "Lọ fọwọ́ rẹ."

Mo rò pé ọjọ́ yẹn gan-an ni mo máa fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Irọ́ ni. Fún ọ̀pọ̀ oṣù, fífọ lẹ́ńsì nìkan ni mo ń ṣe. Wọ́n kọ́ mi bí a ṣe ń fi ìka méjì mú un létí, bí a ṣe ń gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ ká lè rí ìlà tó tẹ́ẹ́rẹ́ ju irun lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n jókòó mi síwájú ẹ̀rọ tí a fi ń ka agbára lẹ́ńsì. O máa yọjú sínú ihò rẹ̀, o máa rí àwọn ìlà aláwọ̀ ewé, o máa rọra yí àgbá kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ títí tí ìlà náà fi máa mọ́ kedere. Bí mo bá ní ó ti mọ́, wọ́n á yọjú wò ó, wọ́n á ní, "Kò tíì mọ́."

Mo bi wọ́n lọ́jọ́ kan ìdí tí wọ́n fi ń da awò tó kàn yẹ̀ díẹ̀ báyìí nù. Lọ́sẹ̀ yẹn, wọ́n gé awò kan fún ojú èmi fúnra mi, nọ́ńbà mi gẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ sún àárín lẹ́ńsì kan kúrò níbi tó yẹ kó wà. Wọ́n ní kí n gbé e sójú, kí n máa ṣiṣẹ́ mi lọ. Kí oòrùn tó kàntàrí, orí ti ń fọ́ mi, ilẹ̀ ń dagun lójú mi, èébì ń gbé mi. Wọ́n rọra bọ́ ọ lójú mi.

Wọ́n ní, "Ṣé o fẹ́ kí ẹnì kan gbé èyí sójú, kó máa wakọ̀ lórí fíríwè?"

Láti ọjọ́ náà, mi ò bèèrè irú ìbéèrè yẹn mọ́.

Ohun kan tún wà tí wọ́n kọ́ mi tí n kò tètè lóye. Kí a tó mú férémù jáde rárá, a gbọ́dọ̀ bi oníbàárà pé, "Oògùn wo lẹ ń lò?" Ojú máa ń tì mí láti béèrè. Lójú tèmi, àtojúbọ̀ ni.

Mo ní, "Misis Ọfẹ́líà, kí ló pa oògùn àti awò pọ̀?"

Wọ́n ní, "Lẹ́ńsì tí à ń lọ níbí kì í yí padà. Lẹ́ńsì tí Ọlọ́run fi sínú ojú máa ń yí padà. Béèrè."

Báyìí ni ọ̀rọ̀ ṣe rí nígbà tí Bọ̀dá Kàmọ́rù wọ inú ìtàn yìí.

Àgbà ni Bọ̀dá Kàmọ́rù nínú asalátù wa. Ilé iṣẹ́ epo ní Pasadena, nítòsí Houston, ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n á máa lọ láti ẹ̀rọ dé ẹ̀rọ, wọ́n á máa ka aago tó ń sọ bí nǹkan ṣe gbóná tó àti bó ṣe ń fúnpá tó. Lọ́jọ́ Àìkú, àwọn ló máa ń ka Kùránì fún wa, wọ́n á sì túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. Ohùn wọn dùn tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọdé tí a bí sí Amẹ́ríkà, tí wọn ò gbọ́ Yorùbá ju "wá jẹun" àti "jókòó jẹ́ẹ́" lọ, á dákẹ́. Ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti ṣe awò wọn, ó sì bá ojú wọn mu dáadáa. Àìsàn ṣúgà ti pẹ́ lára wọn, oògùn oníhóró ni wọ́n ń lò sí i. Nígbà tó yá, dókítà wọn ní oògùn náà kò ká a mọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún wọn ní abẹ́rẹ́ ínsúlínì.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà, Bọ̀dá Kàmọ́rù wọ ṣọ́ọ̀bù wa, wọ́n sì gbé awò wọn kalẹ̀ níwájú mi.

Wọ́n ní, "Síkírá, awò tí ẹ ṣe fún mi ti bàjẹ́."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ló ṣe é?"

"Ṣé èmi ni mo máa mọ̀ ni? Gbogbo nǹkan ló ń ṣú. Mi ò rí aago kà níbi iṣẹ́ mọ́. Ẹ tún òmíràn gé fún mi kíákíá. Mo dé ṣọ́ọ̀bù ńlá kan ní Galleria, wọ́n ní àwọn á ṣe é kí n tó rajà tán, mo ní rárá, ọ̀dọ̀ àbúrò mi ni màá lọ."

Mo gbé awò náà sórí ẹ̀rọ. Nọ́ńbà rẹ̀ kò yí padà rárá. Misis Ọfẹ́líà jáde láti ẹ̀yìn, wọ́n nu ọwọ́, wọ́n sì béèrè ìbéèrè wọn. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé abẹ́rẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni, wọ́n ti férémù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Wọ́n ní, "Ọ̀gá, ó pẹ́ tí ṣúgà ti ń wú lẹ́ńsì tó wà nínú ojú yín. Ìgbà tó wú la gé awò yìí fún un. Abẹ́rẹ́ ti wá ń fa ṣúgà wálẹ̀, lẹ́ńsì náà ń padà sí bó ṣe yẹ kó rí, kò sì tíì dúró sójú kan. Tí mo bá gé awò fún yín lónìí, láìpẹ́ kò ní wúlò fún yín mọ́. Ẹ ní sùúrù fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ má ṣe fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Ẹ sì tètè jẹ́ kí dókítà ojú wo ẹ̀yìn ojú yín, nítorí iwájú rẹ̀ nìkan lèmi mọ̀."

Èmi náà tún un sọ fún wọn ní Yorùbá. Mo sin Bọ̀dá Kàmọ́rù dé ìdí mọ́tò wọn.

Wọ́n ní, "Ẹni tó ń tajà tó ní òun ò tà. Síkírá, ṣé o rò pé ọmọdé ni mí ni? Ẹ̀gbọ́n mi nílé, abẹ́rẹ́ yìí náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ tí ojú wọn fi lọ. Abẹ́rẹ́ náà ló fọ́ wọn lójú."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kì í ṣe pé àìsàn náà ti jẹ ojú wọn tán kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́?"

Wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́tò, wọ́n sì rọra wà á lọ bí ẹni tí kò rí ọ̀nà dáadáa.

Nígbà tó yá, a pé sí asalátù lọ́jọ́ Àìkú kan. Bọ̀dá Kàmọ́rù jókòó síwájú, wọ́n gbé awò wọn àtijọ́ sójú, wọ́n ṣí Kùránì, wọ́n sì ń kà á geere. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n ní àwọn ní ọ̀rọ̀ kan láti sọ.

Wọ́n ní, "Ẹ bá mi dúpẹ́. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ ṣúgà dá ojú mi rú. Mo bá jù ú sílẹ̀. Ẹ wò mí, ojú mi ti padà."

Gbogbo ilé ní, "Àlùhámúdùlílàhí." Obìnrin tó jókòó tì mí, tó ń gba abẹ́rẹ́ lòun náà, sún mọ́ mi, ó ní, "Ó ti tán. Èmi náà ò gbà á mọ́." Inú mi ń dùn sí ìwé tí wọ́n kà, àyà mi sì ń já nítorí ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ. Ojú wọn ti padà lóòótọ́. Mo ti rí i.

Nígbà tí mo ròyìn rẹ̀ fún Misis Ọfẹ́líà, ohùn wọn lọ sílẹ̀ débi pé mo ní láti súnmọ́ wọn kí n tó gbọ́.

Wọ́n ní, "Ojú rẹ̀ kò sàn. Ṣúgà rẹ̀ ló ti padà lọ sókè. Lẹ́ńsì ojú rẹ̀ ti tún wú, awò tí a gé fún ojú tó wú sì ti tún bá a mu. Ìyẹn ló rí tó pè ní ìwòsàn."

Wọ́n bọ́ épírọ̀n wọn, wọ́n pa ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù dé lọ́sàn-án gangan, ohun tí mi ò rí kí wọ́n ṣe rí, wọ́n ní kí n júwe ilé Bọ̀dá Kàmọ́rù.

Àǹtí Sídí, ìyàwó Bọ̀dá Kàmọ́rù, ló ṣílẹ̀kùn fún wa. Wọ́n gbé mọ́ọ̀tì tútù kalẹ̀, wọ́n sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ wọn. Misis Ọfẹ́líà tún gbogbo àlàyé ṣe. Wọ́n ní ìyá àwọn náà ní àìsàn yìí, òun náà fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀ nítorí ojú tó ń ṣú, ojú yẹn sì lọ ní tòótọ́, lẹ́yìn tí kò gba abẹ́rẹ́ mọ́. Àǹtí Sídí bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Bọ̀dá Kàmọ́rù dúpẹ́ lọ́wọ́ wa, wọ́n bèèrè àwọn ọmọ mi lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sìn wá dé ìta. Wọn ò ṣèlérí nǹkan kan.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, Àǹtí Sídí pè mí ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹkún kò jẹ́ kí n gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ dáadáa. Bọ̀dá Kàmọ́rù wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Pasadena, òùngbẹ ti ń gbẹ wọ́n látàárọ̀, ẹsẹ̀ wọn ò gbé wọn mọ́. Lójijì ni nǹkan dúdú kan bí okùn aláǹtakùn fò kọjá lójú òsì wọn, lẹ́yìn náà ni òjìji pupa kan bo gbogbo ojú náà. Orí àtẹ̀gùn irin ni wọ́n wà. Wọ́n di ọwọ́ irin rẹ̀ mú, wọ́n jókòó síbẹ̀, wọ́n sì ń pariwo títí àwọn tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ fi gbé wọn sọ̀ kalẹ̀, tí wọ́n sì pe áḿbúláǹsì.

Ọlọ́run bá wa ṣe é, dókítà tó ń tọ́jú ẹ̀yìn ojú ní ọsibítù tí wọ́n gbé wọn lọ, ọmọ Yorùbá ni. Dókítà Bánkọ́lé wá sí Houston láti kàwé bí ọkọ mi ṣe wá, wọ́n sì fìdí kalẹ̀ síbẹ̀. Nígbà tí ṣúgà ti wálẹ̀ díẹ̀, tí Bọ̀dá Kàmọ́rù lè sọ̀rọ̀, wọ́n yẹ ojú méjèèjì wò. Èmi àti Àǹtí Sídí dúró sí ìdí bẹ́ẹ̀dì.

Dókítà Bánkọ́lé ní, "Ẹ̀gbọ́n, àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ kéékèèké tó wà ní ẹ̀yìn ojú yín ti ń bàjẹ́ láti ọdún mélòó kan wá. Ọ̀kan bẹ́ nínú ojú òsì, ẹ̀jẹ̀ ló dà bò ó. Ti ọ̀tún ò tíì bẹ́, ṣùgbọ́n ó ti múra."

Bọ̀dá Kàmọ́rù ní, "Dókítà, ẹ má tàn mí. Ṣé abẹ́rẹ́ yẹn ló ṣe é?"

Dókítà fa àga, wọ́n jókòó. Wọ́n ní, "Mi ò ní tàn yín. Ojú tó kọ́kọ́ ṣú yẹn, awò nìkan ni kò bá a mu mọ́, ì bá ti kọjá lọ. Ti ẹ̀yìn ojú yàtọ̀. Bí àìsàn yìí bá ti ba ẹ̀yìn ojú jẹ́, tí a wá fa ṣúgà wálẹ̀ kíákíá, ó lè kọ́kọ́ burú sí i kó tó dára. Mi ò lè búra pé kò sí ọwọ́ abẹ́rẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ yìí. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹnì kan ti wo ẹ̀yìn ojú yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí mo mọ̀ dájú ni pé bí ẹ bá wà láìgbà á, ẹ̀ ń lọ fọ́jú, bóyá ẹ tiẹ̀ lè má pẹ́ láyé tí ẹ ó fi fọ́jú."

Àǹtí Sídí ní, "Ẹ ń gbọ́ o. Nígbà tí mo sọ ọ́, ẹ ní kí n lọ wo ìrẹsì mi lórí iná."

Bọ̀dá Kàmọ́rù rẹ́rìn-ín, omijé sì jáde lójú wọn. Wọ́n ní, "Ẹ̀rù ẹ̀gbọ́n mi ló bà mí. Mo ṣáà ń rí wọn bí wọ́n ṣe ń táràrà kiri àgbàlá." Wọ́n na apá wọn sí dókítà. "Ẹ gún un."

Ìtọ́jú náà pẹ́. Dókítà Bánkọ́lé ń fi iná léṣà dí àwọn ibi tó ti bàjẹ́ lẹ́yìn ojú méjèèjì, wọ́n sì ń rọra fa ṣúgà wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ojú ọ̀tún náà tún ṣú, bí Misis Ọfẹ́líà ṣe wí. Wọ́n ní kí Bọ̀dá Kàmọ́rù máa fi awò ìkàwé tó wà lórí àtẹ ní ilé ìtàjà oògùn ṣe é lọ ná. Wọn ò lè wakọ̀ mọ́, ọkọ mi àti èmi là ń gbé wọn kiri. Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan wọ́n á tẹ ṣọ́ọ̀bù láago.

"Síkírá, bi ọ̀gá rẹ bóyá ó ti tó."

Màá bi wọ́n. Misis Ọfẹ́líà kì í gbójú sókè. "Kò tíì tó."

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní kò tíì tó."

"Obìnrin yìí le o!"

Nígbà tí Dókítà Bánkọ́lé yẹ ojú náà wò, tí wọ́n tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí nọ́ńbà méjèèjì sì dọ́gba, Misis Ọfẹ́líà gba ìwé náà, wọ́n kà á, wọ́n sì nà án sí mi. Wọ́n ní, "Ìwọ ni wàá gé e." Wọ́n lọ jókòó síta ṣọ́ọ̀bù, wọn ò sì wọlé wá wo ohun tí mò ń ṣe. Èyí ni awò àkọ́kọ́ tí mo ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin láìsí ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tí mo gbé e sórí ẹ̀rọ, àwọn ìlà aláwọ̀ ewé náà mọ́ kedere.

Bọ̀dá Kàmọ́rù gbé e sójú. Wọ́n yíjú sí ìyàwó wọn, wọ́n sì wò ó pẹ́.

Wọ́n ní, "Sídí, o ti hewú."

Àǹtí Sídí ní, "Ẹ̀yin lẹ kó o sí mi lórí."

Ojú òsì kò padà bọ̀ sípò. Òjìji ni wọ́n ń rí níbẹ̀ títí láé, wọn ò sì lè padà sórí àtẹ̀gùn irin ní Pasadena. Ọ́fíìsì ni wọ́n gbé wọn sí. Ojú ọ̀tún ni wọ́n fi ń kàwé. Lọ́jọ́ Àìkú tí wọ́n padà wá, wọ́n dìde níwájú gbogbo wa. Wọ́n ní, "Mo sọ fún yín pé ojú mi padà nítorí mo fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Àṣìṣe ni. Ẹ wo ojú òsì mi. Ẹni tó bá fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀ nítorí mi, mo fi Ọlọ́hun bẹ̀ ẹ́, kó padà sọ́dọ̀ dókítà rẹ̀ lọ́la." Obìnrin tó ń jókòó tì mí dorí kodò. Èmi ni mo fi mọ́tò gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà nígbà tí ilẹ̀ mọ́. Wọ́n wo ẹ̀yìn ojú tirẹ̀, wọ́n sì tètè rí àìsàn náà kó tó ṣọṣẹ́.

Àwọn ọdún yẹn ni mo máa ń rántí jù. Lẹ́yìn wọn, nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà kíákíá. Ẹ̀rọ tuntun dé tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ wọn férémù, tó sì ń gé lẹ́ńsì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Oògùn ṣúgà tuntun dé lóríṣiríṣi. Nínú wọn ni èyí tó máa ń mú ẹsẹ̀ àwọn ẹlòmíràn wú, tí Dókítà Bánkọ́lé sì kìlọ̀ fún wa pé omi lè tipa bẹ́ẹ̀ kó sí ẹ̀yìn ojú. A kì í sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó má lò ó. Ohun tí à ń sọ ni pé, "Ẹ sọ fún dókítà yín pé ojú yín yí padà, ẹ má dá a dúró fúnra yín."

Misis Ọfẹ́líà ta ṣọ́ọ̀bù náà nígbà tí eékún wọn kò gbà wọ́n láyè láti dúró mọ́. Mo bá wọn kẹ́rù. Wọ́n gbá mi mọ́ra níwájú ilẹ̀kùn, ìgbà kan ṣoṣo tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n sì tún kọ́là ẹ̀wù mi ṣe. Mo lọ ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù awò ńlá kan nínú mọ́ọ̀lù, ibẹ̀ ni mo ti fẹ̀yìntì. Owó ibẹ̀ dáa jù, ariwo ibẹ̀ pọ̀ jù.

Ẹ̀yin ọmọ mi tó ń wá iṣẹ́, mi ò lè sọ fún yín pé ẹ wá ṣe èyí. Ẹ̀rọ ló ń ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀ báyìí. Ẹ̀yìn máa ń dunni, erukutu lẹ́ńsì máa ń wọ èékánná, ọ̀pọ̀ oníbàárà ò sì ní mọ orúkọ yín. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí n kò rí níbòmíràn. Tí èèyàn bá gbé awò tó tọ́ sójú, kì í kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Á wo ògiri. Á wo ẹ̀yìn ọwọ́ ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni á yíjú sí ẹni tó bá a wá, á sì máa wò ó bí ẹni tó ti ìrìn àjò dé. Níbẹ̀ ni mo ti máa ń tẹrí ba, tí màá mú aṣọ ìnulẹ́ńsì mi, tí màá sì máa nu káńtà tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀, kí n lè fún wọn láyè.